Ìjì Tí Jàlálù Kọ́ Sínú Dúrọ́ọ̀mù

Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé, Ìlọ́bù
(ilé ìdáná wà ní Ìfọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe wí)
Ọjọ́ Jímọ̀

Sofiyullah Àkànní, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀ o. Ṣé dáadáa lo jí? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iná ìjọba ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé sábẹ́ fèrèsé ńkọ́, ṣé ẹ ti gbé e kúrò níbẹ̀ bí mo ṣe ní kí ẹ gbé e? Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọwọ́ mi lè mú bírò lónìí, òun náà ni yóò jẹ́ kí o ráyè ka lẹ́tà yìí tán láìsí pé wọ́n pè ọ́ sí mítìn. Gbogbo irun tí mo bá kí ni mo fi ń ṣe àdúà fún ẹ̀yin méjèèjì. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ nítorí pé o jìnnà, àbúrò rẹ Jàlálù ló tẹ̀ lé e nítorí pé ó ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀, má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn, jẹ́ kí èmi ṣe tèmi tán ná.

Oyèwùmí awakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí bọ̀, ọmọ àdúgbò wa ni. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fún un ní omi tútù àti oúnjẹ, má ṣe dá a dúró sẹ́nu géètì bí ẹ̀yin ará Èkó ṣe máa ń ṣe. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù Sàídátù, ìyàwó àbúrò rẹ. Fóònù náà já sínú garawa omi, wọ́n ní kí á sin ín sínú ìrẹsì, a sì sin ín. Nígbà tí mo ṣí i wò, ìrẹsì ti wú, fóònù ò jí. Nítorí náà, jọ̀ọ́, má fi owó kankan ránṣẹ́ sínú fóònù yẹn báyìí o. Omi ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn owó bébà yìí kì í sì í pẹ́ ya tí wọ́n bá ti rin.

Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ bi ọ́ láti ìgbà tí o wá Iléyá. O ní gbogbo ìwé ọ́fíìsì yín ni ẹ ti kó sínú àwọsánmà. Mo dákẹ́ nígbà náà nítorí pé àlejò wà níjòókòó, n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ mi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ka ilé-ìwé girama dé kíláàsì ìparí, tí mo sì ṣe jọ́gíráfì, mo mọ ohun tí àwọsánmà máa ń dà nígbà tó bá kún. Ṣé ẹ fi ọ̀rá bo àwọn ìwé náà ṣá? Kì í ṣe pé òjò á rọ̀ lọ́jọ́ kan kí ọ̀gá rẹ ní ìwọ lo jẹ ẹ́.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ Jàlálù gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ra ayùn oníná ni iṣẹ́ ti ń ya lù ú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ayùn ọwọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́, ńṣe ló máa ń da lẹ́búlẹ́bú pákó sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ti oníná yìí kò mọ ìyẹn, ojú ọ̀run ló ń tú tirẹ̀ sí. Bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, irun ojú rẹ̀ ni mo fi ń mọ igi tó là lọ́jọ́ náà. Bó bá funfun, afàrà ni. Bó bá pọ́n, ọ̀gánwó ni. Ikọ́ náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí eré, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ fọhùn láwùjọ. Nígbà tó yá, ó di pé ọmọ tó máa ń ṣíwájú irun nílé wa kò lè ka Fátíhà délẹ̀ láìdúró wúkọ́. Ibi kan náà ni ikọ́ yẹn máa ń ká a mọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ibẹ̀ ṣe bọ́sítọ́ọ̀pù fún un. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé nǹkan sí i láyà, ó gbọ́ ọ títí, ó ní lẹ́búlẹ́bú pákó ti ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní bí kò bá rí ohun tí yóò máa gbá a mú kí ó tó dé imú, kí ó fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀.

Jàlálù padà wálé, ó jókòó sórí àpótí tí òun fúnra rẹ̀ kàn, ó ní, Màámi, ọwọ́ mi ò mọ nǹkan mìíràn o. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà láìfi iyọ̀ sí i, gbogbo wọn sì jẹ ẹ́ tán láìsọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti le.

Ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ tìrẹ wọlé, lẹ́yìn tí Sàídátù ti fi ọ̀rọ̀ ikọ́ náà tó ọ létí, kí fóònù tó lọ wẹ̀. O ní ohun tí Jàlálù nílò ni dọ́ọ̀sì kọlẹ́kítọ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Dọ́ọ̀sì, eruku ni. Kọlẹ́kítọ̀, ta ni kò mọ kọlẹ́kítọ̀? Òun náà ló ń dúró lẹ́nu ọjà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ru ata àti ẹni tó fa ewúrẹ́. Mo ní áà, ìjọba yìí mà gbìyànjú o, wọ́n ti yan ti eruku náà! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ọkùnrin kan dé tó wọ ẹ̀wù tó ń dán yanran, tí a kò mọ ibi tó ti wá títí di òní. Ó ní òun wá gbowó pátákó tí Jàlálù kọ orúkọ sí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ẹ má tíì sọ ti pátákó, ẹ kú àbọ̀, a ti ń retí yín, ṣé ẹ̀yin ni kọlẹ́kítọ̀ eruku? Ó wò mí, ó wo ọ̀jọ̀jọ̀ tí mo gbé síwájú rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ni. Mo mú un lọ sẹ́yìn, mo fi òkìtì lẹ́búlẹ́bú hàn án, mo ní ẹ kó o. Ó ní owó ni àwọn kọ́kọ́ ń gbà, àwọn tó ń kó o ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ó jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tán, ó lọ. Nígbà tí Jàlálù dé tó wo tíkẹ́ẹ̀tì náà, ti ewúrẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́, n kò wá mọ èyí tí ǹ bá bá a ṣe nínú méjèèjì.

Òun ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé ẹ̀rọ ni kọlẹ́kítọ̀ tí o sọ. Ó ní owó ti inú ilé ìtajà kò ṣeé sún mọ́, ṣùgbọ́n òun ti wo fídíò òyìnbó kan tó fi kọ́rọ́bá ọ̀dà ṣe tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ní ìjì kékeré ni òun fẹ́ kọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù.

Sofiyullah, n kò lè jókòó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń kó ìwé sínú àwọsánmà, àbúrò ń kọ́ ìjì sínú dúrọ́ọ̀mù. Kí ni mo ṣe fún ẹ̀yin ọmọ yìí? Èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìjì ká gbogbo páànù ilé-ìwé yìí kúrò, tó lọ kó o sínú oko ẹ̀gẹ́! Mo ní ṣé ìjì tí Ọlọ́run ń rán wá kò tó wa ni? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé inú dúrọ́ọ̀mù ni yóò máa gbé. Mo sáà fi okùn so òrùlé ilé ìdáná mọ́ igi máńgòrò, mo kó òkúta lé ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń ká aṣọ lórí okùn bí ó bá ti nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tan iná.

Bó ṣe kọ́ ọ nìyí, kí o lè mọ̀ pé àbúrò rẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lọ ra ẹwìrì oníná tó ti gbó lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tó ti máa ń ra pákó. O mọ̀ pé bí ẹwìrì ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn níwájú, ẹ̀yìn ló ti ń fà á wọlé. Ẹ̀yìn yẹn ni Jàlálù fẹ́ lò. Ó fi ẹnu páìpù omi kan sábẹ́ ayùn, ó fi ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àrọ ńlá tí mo fi ń rọ epo, kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé àrọ náà lé orí dúrọ́ọ̀mù, ó so ẹ̀yìn ẹwìrì mọ́ òkè rẹ̀, ó sì ti páìpù mìíràn láti iwájú ẹwìrì gba ara ògiri síta. Bí ẹwìrì bá ń fà, atẹ́gùn yóò máa yí po nínú àrọ náà, lẹ́búlẹ́bú tó wúwo yóò jábọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, èyí tó kúnná bí àtíkè yóò bá atẹ́gùn jáde gba ara ògiri ẹ̀yìn. Òun gan-an sì ni nọ́ọ̀sì ní ó ń pa ènìyàn, èyí tó kúnná yẹn. Ó nílò aṣọ tí yóò máa gbà á, tí atẹ́gùn yóò sì lè kọjá níbẹ̀. Ó lo àpò ìrẹsì, àpò bẹ́. Ó lo ìbòrí mi tí ọwọ́ rẹ̀ tó lórí okùn, ìbòrí tú gbogbo rẹ̀ dà sí wa lójú.

Èmi náà ni mo ṣí àpótí, mo mú kẹ̀ǹbẹ̀ bàbá yín jáde, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn sí àlùjánńà. Ti òfì yẹn, tó nípọn, tó gbòòrò, tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ nìkáà Jàlálù. Inú mi kò kọ́kọ́ fẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí wọ́n bá wà láyé tí wọ́n gbọ́ ikọ́ yẹn, fúnra wọn ni wọn ì bá bọ́ ọ fún un. Jàlálù so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù lókè ògiri, ó fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀, ó tan iná. Sofiyullah, ṣòkòtò náà mí. Ó kún láti ìbàdí dé orúnkún, ó kún délẹ̀, ó nà gbọnrangandan, ó dúró bí bàbá yín ṣe máa ń dúró tí wọ́n bá fẹ́ bú ènìyàn. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Mi ò nìkan kúnlẹ̀. Àna wa, ìyá Sàídátù, tó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n, ń sá láfún lórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. O sì mọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa dáadáa. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni Ìlọ́bù parí sí, àwọn kan ní Ìfọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná wa, bí mo bá dáná, ní Ìfọ́n ni mo ti ń ro ọkà tí mo ń gbé wá jẹ ní Ìlọ́bù. Ìyá Sàídátù gbójú sókè, ó rí ṣòkòtò àna rẹ̀ tó dúró. Ó mọ̀ ọ́n, ó kúkú wà níbi nìkáà. Ó kúnlẹ̀ sínú láfún, ó ní, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, àna mi. Atẹ́gùn sì mi ṣòkòtò náà sí i lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń mirí. Obìnrin náà fi abọ́ sílẹ̀, ó fi láfún sílẹ̀, ó sáré wọ Ìfọ́n pẹ̀lú orúnkún funfun méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún. Kí oòrùn tó yẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé àwọn ará Ìlọ́bù ti jí òkú wọn dìde, wọ́n ti fi í gba ilẹ̀.

O mọ bí a ṣe ń ṣe níhìn-ín. Ibi tí a bá sin bàbá ẹni sí, ẹnikẹ́ni kò lè ní ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe tẹni. Àṣà yẹn náà ni Alàgbà Kọ́ládé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń sọ̀rọ̀ fún Ìfọ́n, mú wá nígbà tí àwọn àgbà ìlú méjèèjì pàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ìfọ́n jókòó sápá kan, Ìlọ́bù sápá kejì, ṣòkòtò so rọ̀ láàárín wọn nítorí pé Jàlálù ti paná. Alàgbà tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó ní ọgbọ́n àwọn ará Ìlọ́bù pọ̀, wọn kò rí ibi sin bàbá sí lórí ilẹ̀ Ìfọ́n, ni wọ́n bá gbé e kọ́ ògiri. Mo rò pé Alhájì Mansur tó ń ta sìmẹ́ńtì, tó ń sọ̀rọ̀ fún Ìlọ́bù, yóò dá a lóhùn pé ṣòkòtò lásán ni. Rárá o. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ ọ, Alàgbà ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé bàbá náà ló dúró síbẹ̀, nítorí náà láti ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò balẹ̀ sí títí dé etí odò, ti Ìlọ́bù ni. Alàgbà ní ó dáa, bó bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́búlẹ́bú inú ṣòkòtò náà, atẹ́gùn Ìfọ́n ló kó o jọ, ohun àlùmọ́ọ́nì Ìfọ́n ni. Alhájì ní igi Ìlọ́bù ni. Jàlálù fẹ́ sọ fún wọn pé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni òun ti ra igi náà, ikọ́ kò jẹ́ kí ó sọ ọ́.

Ibi tí wọ́n wá fẹnu kò sí ni pé kí ẹ̀rọ náà má ṣe ṣiṣẹ́ mọ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi yanjú ọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní bẹ́ǹṣì tí yóò jókòó lé. Ta ni káfíńtà tó sún mọ́ ibẹ̀ jù? Wọ́n gbé iṣẹ́ bẹ́ǹṣì fún Jàlálù, Ìlọ́bù ní kí tàwọn ga ju ti Ìfọ́n lọ, Ìfọ́n náà sì yọ́ wá ní ìkọ̀kọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹyọ ẹnì kan nínú wọn kò bi í pé báwo ni àyà rẹ.

Ọjọ́ ìjókòó pé, bẹ́ǹṣì kò tíì parí. Àwọn àgbà ti dé, wọ́n dúró ti Jàlálù lórí, wọ́n ní kí ó yára. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tan ẹ̀rọ kí n tó la pákó yìí. Láti ọjọ́ tí a ti dá Ìlọ́bù àti Ìfọ́n sílẹ̀, n kò rò pé wọ́n tíì pa ohùn pọ̀ bíi tọjọ́ náà. Gbogbo wọn ní rárá. Ó dáa náà. Jàlálù fi aṣọ di imú, ó ti afàrà bọ ẹnu ayùn. Sofiyullah, eruku dìde! Ó bo Alàgbà, ó bo Alhájì, ó bo awò ojú, ó bo fìlà, gbogbo wọn funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, o kò lè mọ ọmọ Ìlọ́bù yàtọ̀ sí ọmọ Ìfọ́n mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Alhájì wúkọ́ títí fìlà fi bọ́. Alàgbà di ògiri mú, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò bàbá yín mú pẹ̀lú, ó ń na ìka sí Jàlálù. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa jáde, ohun tó sọ ni pé, ọmọ mi, dákun, tan bàbá rẹ!

Èmi ni mo dá Jàlálù dúró. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé n kò bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yin bàbá mi, ìwọ̀n tí ẹ mí sínú lónìí yìí, ọmọ mi ti ń mí in sínú lójoojúmọ́, ẹ sì ń bi mí pé ti ìlú wo ni ṣòkòtò. Wọ́n di àyà mú. Ikọ́ ò kúkú jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Jàlálù tan ẹ̀rọ, bàbá yín dìde dúró, eruku rọlẹ̀.

Wọn kò sáà lè lọ láìdá ẹjọ́. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n ya ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró fún Ìlọ́bù, kí ti òsì dúró fún Ìfọ́n, kí ìlú kọ̀ọ̀kan sì máa kó lẹ́búlẹ́bú inú ẹsẹ̀ tirẹ̀. Agbedeméjì rẹ̀ nìkan ni wọn kò tíì rí olówó rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò tún pàdé lórí ìyẹn. Jàlálù fi okùn ya ẹsẹ̀ méjèèjì, bàbá yín wá ya ẹsẹ̀ dúró bí ọlọ́pàá. Ìyá Sàídátù ti padà wá ń sá láfún rẹ̀. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ń bẹ nínú rẹ̀ tàbí kò sí, àmọ́ òun ò lè rí àna òun kí òun dúró.

Ní àsùbáà àná, Jàlálù ló ṣíwájú irun. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, ara mi ti le, mo ń dúró de ikọ́ níbi tó máa ń dé sí. Jàlálù dé ibẹ̀, ó kọjá. Ó kà á délẹ̀, ó tún mú súrà gígùn kan, ó kà á lọ bí omi. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ n kò fẹ́ kí ó parí.

Ṣé o wá rí i pé gbogbo nǹkan dára, owó nìkan ni kò sí. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Oyèwùmí, ní gbígbẹ, kí a fi ra ìbomú àti páìpù tó dára, kí n sì lè ra àrọ mìíràn, nítorí epo tí mo rọ lánàá rùn fún pákó. Èkejì, èyí tó ṣe pàtàkì jù: òfì kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn ti ń já lójú rírán, ó sì di ọ̀ràn ìlú méjì báyìí, n kò lè rán an láìpe ìpàdé. Kẹ̀ǹbẹ̀ kejì wà lọ́wọ́ rẹ, èyí tí o kó lọ sí Èkó nígbà tí a pín ẹrù bàbá yín. Mo mọ̀ pé o kò wọ̀ ọ́ rí. Àwọn ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀ tí o ń wọ̀ yẹn, má kó wọn wá, ìjì kan kò lè ráyè nínú wọn. Má sì fi kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn rán awakọ̀. Fúnra rẹ ni kí o gbé e wálé, kí o dúró díẹ̀, kí o gbọ́ bí àbúrò rẹ ṣe ń kírun.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èémí yín kúrú. Kí ọ̀nà tí o máa gbà wálé rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀ máa dúró tì yín bó ṣe dúró ti Jàlálù yìí. Kí Ọlọ́run tọ́ àwọn ọmọ rẹ dàgbà fún ọ, kí wọ́n máa gbọ́ tìrẹ ju bí o ṣe ń gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ lọ. Àmín, àmín, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ronú rẹ,
Màríámọ̀.

Mo gbàgbé: bí o bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú láti apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, yára kó àwọn ìwé ọ́fíìsì yín kúrò nínú àwọsánmà. Ó lè jẹ́ pé Jàlálù ló tan ẹ̀rọ.